Ahun Oríta

"Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́," ni Bàbá Bùkárì wí. Ó sún ọkọ̀ ogun kékeré méjì náà síwájú lórí tábìlì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, kí oòrùn ìyálẹ̀ta lè tàn sí wọn dáadáa.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń pọ́n àdá lára òkúta. "Bàbá Suwe, ike lásán nìyẹn. Ike kì í purọ́, èèyàn ní í purọ́."

"Ta ló ṣe ike?"

"Ẹ ti borí mi. Ẹ wá jẹun kí ọbẹ̀ yìí tó dì."

Ambrose ọlọ́kadà, tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń bá wọn gbé ẹrù wá láti Ọ̀mù-Àrán, òun náà ló sì gbé páálí ọkọ̀ méjèèjì wá. Ó sún mọ́ tábìlì. "Bàbá, èwo ló wá ń purọ́ nínú wọn?"

Inú Bàbá Bùkárì dùn pé ẹnìkan tilẹ̀ béèrè. Ó yí ìdí ọkọ̀ méjèèjì síta. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n, ilé ìbọn dé wọn lórí bí ọmọrí ìkòkò, wọn kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á pè wọ́n ní ìbejì. Táyà ti ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìyẹn kò dun Bàbá Bùkárì. Ìdè ilẹ̀kùn wọn kò dọ́gba, ó fojú fo ìyẹn náà. Sálẹ́ńsà, ihò tí èéfín ń gbà jáde, ni kò jẹ́ kó sùn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan gbé e sí apá òsì, ilé iṣẹ́ kejì gbé e sí apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ pé àwọn ń ṣe.

"Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?" ni Ambrose tún bi í. "Ibo ni wọ́n ti ń ríran?"

"Àwọn ihò wọ̀nyí. Iwájú ni, àti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wá, bóyá ni wọ́n fi máa rí i."

"Kò burú," ni Ambrose wí, ó sì gbé ife sílẹ̀. "Ẹ lọ wo gidi rẹ̀, Ahun tó wà ní oríta, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó, ẹ wá sọ fún èmi náà."

Suwebat, ọmọ wọn tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú ọba, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Ilé Ère Èsìẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe, tó wá ń bá adìẹ jà láàárọ̀, tó ń bá ìyàwó jà lálẹ́, Suwebat fi páálí ọkọ̀ ogun kan ránṣẹ́ sí i kó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó arúgbó kan tó ń tọ́jú kú. Sójà ni baba náà tẹ́lẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń tò kiri ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ fún Suwebat ní páálí kan tí kò tíì tú, ó fi ránṣẹ́ sílé, ó pè lórí fóònù: "Bàbá mi, ẹ bá mi wò ó, nínú méjèèjì, èwo ló dára jù?" Ìbéèrè eré ni. Bàbá rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Iṣẹ́ tó ṣe jẹun ni. Òun ló ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe àwòkọ àwọn ère òkúta ní Ilé Ère, àwọn èyí tí àlejò àti ilé ìwé máa ń gbé lọ. Òfin méjì ló ní. Àkọ́kọ́, wọn kì í fi àwòkọ wé àwòkọ, ojúlówó ni wọ́n ń lọ wò. Èkejì, kò sí àwòkọ tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ìṣó fa ilà mẹ́ta sábẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á fún ọmọ ẹlòmíràn pé òkúta gidi ni. Oníṣòwò kan bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má fa ilà sí ọ̀kan péré. Ó kọ̀, wọn kò sì kí ara wọn mọ́ títí oníṣòwò náà fi kú.

Ojúlówó ọkọ̀ ike méjèèjì yìí wà nítòsí. Ní ọdún tí àwọn ajínigbé wọ igbó tó wà lẹ́yìn oko, tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n Rúùtù ọ̀rẹ́ Ràfátù tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́, gbogbo Èsìẹ́ sá kúrò lóko, koríko sì bo iṣu mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Rúùtù padà dé, ṣùgbọ́n títí di òní kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jí rí ọkọ̀ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ní oríta ọ̀nà oko, láàárín àpò yẹ̀pẹ̀, tó kọjú ìbọn sí igbó. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Ahun. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tíì gbé ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin gbé àdá wọn jáde, àáró sì tún bẹ̀rẹ̀, lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìẹ. Ó ti kan Ràfátù báyìí. Ní ọ̀tunla ni wọ́n ń bọ̀ wá bá a wa iṣu.

Bàbá Bùkárì jẹun tán, ó fi ọkọ̀ ike méjèèjì sínú àpò, ó gba oríta lọ.

Salaudeen, ọ̀dọ́mọkùnrin sójà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà, ló wà lórí bẹ́ńṣì, tó ń bó ọsàn. "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ère ti sú yín, irin lẹ wá ń wò?"

"Jẹ́ kí n wo ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi."

"Ìdí kẹ̀! Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o, kí ọ̀gá má dé bá yín."

Bàbá Bùkárì rọra gba àárín àpò yẹ̀pẹ̀ kọjá. Ọ̀tún ni sálẹ́ńsà wà. Ọkọ̀ ike ti òyìnbó tó kú ló sọ òótọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ síwájú kó lè wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí ẹnu sálẹ́ńsà náà, ó dí i pátápátá. Amọ̀ ọ̀hún ti gbẹ, ó ti sán, àwọn ọmọ agbọ́n ti lu ihò jáde lára rẹ̀, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ó wo ilẹ̀. Ìtàkùn ti wé mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀. Táyà méjì ní apá ibi tí èrò ọ̀nà kì í rí ti rọ̀ wọlẹ̀, àpò yẹ̀pẹ̀ ló gbé e dúró.

"Bàbá, kí lẹ rí?" Salaudeen ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Agbọ́n."

Sójà náà wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

"Kò ṣiṣẹ́ rí lójú tèmi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wọ́ ọ wá, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè yọjú. Ìbọn orí rẹ̀ yẹn, a ò ní ọta tó bá a mu. Ti ọwọ́ wa yìí là ń gbọ́kàn lé, àwa náà ò sì pọ̀."

"Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń lọ oko."

"Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn tó wà nínú igbó ò fi jáde. Bàbá, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa, àtẹ̀yin àtàwa. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé òkú ni, wọ́n máa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ búra fún mi."

Bàbá Bùkárì búra. Bó ṣe ń padà sílé, ọkọ̀ ike méjèèjì ń kan ara wọn nínú àpò rẹ̀. Ojúlówó ló lọ wò kó lè mọ ayédèrú, ojúlówó ló wá jẹ́ ayédèrú. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí ohun tó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ní, "Ràfátù, má lọ oko ní ọ̀tunla."

"Kí ló dé?"

"Má lọ ni mo wí."

"Bàbá Suwe, àáró mi ni. Mo ti bá wọn ṣe tiwọn, ó kan èmi, ó wá ku ti Rúùtù. Iṣu wà nílẹ̀, ẹ ní kí n má lọ, ẹ ò sì sọ ìdí. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó wò ó. Ìbúra wúwo, ṣùgbọ́n Ràfátù wúwo jù ú lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí amọ̀ agbọ́n dé orí táyà.

Ràfátù ká ẹní tí wọ́n fi kírun, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bí èmi bá jókòó sílé, Rúùtù ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ṣé ẹyẹ ni èmi?"

"Bó o bá sọ fún Rúùtù, á gbàdúrà lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìlú á gbọ́, igbó náà á sì gbọ́."

"N kò ní sọ fún un," ni Ràfátù wí. "Màá lálàá ni."

Ohun tí àwọn obìnrin àáró kì í fi ṣeré nìyẹn. Bí ẹni tó ni ọjọ́ bá lálàá burúkú sí oko rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ọkọ́ lọ́jọ́ náà. Á ṣe sàárà, àáró rẹ̀ á sì kọjá lórí rẹ̀ títí yóò fi tún yípo kàn án. Wọn kì í sì í bi í pé kí ló lá. Wọ́n ní ẹni tó bá rọ́ àlá burúkú ti fún un lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn wálé.

Bẹ́ẹ̀ ni Ràfátù dín àkàrà sàárà fún àwọn ọmọ àdúgbò, iṣu rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ fún ikán. Rúùtù wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà lórúkọ Jésù pé àlá náà kò ní ṣẹ. "Ìyá Suwe, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lóko tèmi." Ràfátù ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀. Kò sí obìnrin tó lè fi àlá tirẹ̀ dá àáró ẹlòmíràn dúró.

Ní ọjọ́ kejì, Ambrose dé. Kò gbé ẹrù kankan wá. Ràfátù kò sí nílé. Ambrose jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Bàbá, mo gbọ́ pé Màmá lálàá."

"Ọlọ́run ti bá wa yẹ̀ ẹ́ kúrò."

"Kí ni wọ́n lá?"

Ọwọ́ Bàbá Bùkárì dúró lórí ike tó ń fá. Ọmọdé gan-an ní Èsìẹ́ kì í béèrè bẹ́ẹ̀. "A kì í rọ́ ọ," ló fi dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú. Mo kàn ní bóyá wọ́n rí nǹkan ni." Ambrose gbé ọkọ̀ ike òyìnbó tó kú, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ọmọ ìka tọ sálẹ́ńsà rẹ̀. "Ẹ ti lọ sí oríta. Èwo ló jọ ọ́?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

"Ẹ wo ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀? Èmi náà fojú gán-án-ní rẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Máṣíìnì mi yìí kò tó nǹkan, ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Ahun kò dúdú rárá. Àwọn kan tí mo gbé ń bi mí. Mo ní n ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi Bàbá, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í tàsé."

"Àwọn wo?"

"Èrò ni, Bàbá. Ta ló ń bi èrò lórúkọ?"

Bàbá Bùkárì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ohùn ẹlòmíràn. "Wọ́n fọ̀ ọ́ ni. Ìdí tí mo fi pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n wá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbẹ. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lọ wò ó lọ́la, wàá rí dúdú."

Ambrose wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ̀ ike sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. "Lọ́la," ni ó wí. Fóònù rẹ̀ ń dún kó tó dìde, kò sì gbé e títí tó fi jáde kúrò ní àgbàlá.

Ẹ̀rù ba Bàbá Bùkárì, ó bà á dé eegun. Bóyá òfófó lásán ló ń da ọmọ náà láàmú. Bóyá kì í ṣe òfófó. Ó rántí bí òun fúnra òun ṣe fi ọwọ́ tọ́ka sí ihò ìríran fún un, tí òun sọ fún un pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò lè rí ẹ̀yìn, tí inú òun sì ń dùn bí ti tíṣà tó rí ọmọ ìwé. Kò lè jókòó mọ́. Ó bu èédú, ó lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, ó da àdín sí i, ó pò ó. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó mú irin tínrín tó fi ń yọ ìdọ̀tí kúrò létí àwọn ère láyé ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ràfátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú abọ́. "Ṣé ti ike nìyẹn?"

"Ti irin ni."

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó yà fún un. "Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn," ló wí.

Salaudeen kò dá a dúró nígbà tó gbọ́ ohun tí Ambrose sọ. Ó bá a ṣọ́ ọ̀nà. Bàbá Bùkárì fi irin tú amọ̀ agbọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀, ó gé ìtàkùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú kun ẹnu sálẹ́ńsà. Ó jẹ́ kí inú rẹ̀ ki, kí etí rẹ̀ fúyẹ́, kí díẹ̀ fọ́n sára irin lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń rí lára ọkọ̀ akẹ́rù. Ó kán àdín sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, bí òróró tó ń jò. Iṣẹ́ náà dára. Ó mọ̀ pé ó dára, ojú sì tì í pé inú òun dùn sí i.

"Bí n kò bá mọ̀," ni Salaudeen wí, "màá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni."

Ọwọ́ Bàbá Bùkárì ti wọ àpò kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mú ìṣó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ilà mẹ́ta sí abẹ́ irin ìdí Ahun, níbi tí àpò yẹ̀pẹ̀ bò.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"Àmì iṣẹ́ mi ni. Ohun tó bá ti ní in, kì í ṣe ojúlówó."

Wọ́n gbọ́ ìró máṣíìnì. Ambrose ni. Kò dúró di ọ̀la. Ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi aṣọ bo imú àti ẹnu nítorí eruku, Bàbá Bùkárì kò sì mọ̀ ọ́n rí. Máṣíìnì náà rọra ń bọ̀, ó rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò yẹ̀pẹ̀. Ambrose gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọwọ́ Bàbá Bùkárì ti fẹ́ gbéra láti kí i padà, bí ọwọ́ àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó rí èédú lára rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó yára kó méjèèjì sẹ́yìn, ó fi orí kí i. "Ẹ kú ọ̀nà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni."

Ẹni tó wà lẹ́yìn Ambrose kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹnu sálẹ́ńsà. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ kúrò ní imú, ó gbé imú sókè díẹ̀, ó ń wá òórùn. Kò sí òórùn bẹntiróòlù, kò sí ti èéfín, ooru ẹ́ńjìnnì kò sí lára irin. Òórùn àdín nìkan ló wà nínú afẹ́fẹ́. Ó fi aṣọ bo imú padà, ó fọwọ́ kan èjìká Ambrose, máṣíìnì náà sì wọ ọ̀nà oko lọ, kò sáré, títí ìró rẹ̀ fi wọ igbó.

Salaudeen gbé ìbọn rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì. "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ rántí pé ẹ búra fún mi."

"Mo rántí," ni Bàbá Bùkárì wí. "Ṣùgbọ́n bí igbó bá ti mọ̀, kí ni ìdí tí ilé kò fi ní mọ̀?"

Sójà náà gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù, ó ń wá ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá Bùkárì gbé abọ́ rẹ̀. Ìkòkò omi àwọn sójà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, ó kọjá lára rẹ̀, kò bu omi fọ ọwọ́. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti pín, kò yà sí ilé. Ó gba ọ̀nà ilé Rúùtù, ó sì na ọwọ́ dúdú méjèèjì síwájú bó ṣe ń lọ, kí wọ́n lè rí i kó tó sọ̀rọ̀.